Ẹni Tí Mo Mú Dání Lọ sí Oníkàn

Àwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ràn ètò ìbéèrè kan lórí tẹlifíṣàn. Ẹnì kan á jókòó sórí àga gíga, wọ́n á tan iná sí i lójú bí ẹni tó jalè, wọ́n á wá máa bi í léèrè ohun tí kò kàn án. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí wàhálà. Ó lè ní kí wọ́n bá òun yọ díẹ̀ kúrò nínú àwọn ìdáhùn náà. Ó lè ní kí àwọn tó wá wòran dá sí i. Ó lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, kí ọ̀rẹ́ náà máa wúkọ́ lọ́hùn-ún títí àsìkò á fi tán. Àwọn ọmọ yìí á máa pariwo mọ́ tẹlifíṣàn pé, "Pè é! Pè é jàre! Kí ló ń dúró dè?" Èmi á máa jẹ ẹ̀pà mi. Wọ́n á ní, "Màmá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ máa pè?" Màá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo ti ṣe é rí, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí tẹlifíṣàn l'Ékòó.

Asọ̀rọ̀mágbèsì la ní nígbà náà. Àpótí kan ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri, wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá sínú rẹ̀. Kò sí pé ò ń yan èyí tó wù ẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ lo máa gbọ́, kó dákẹ́ tàbí kó pariwo nìkan lo lè ṣe sí i. Tiwa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé ọkọ mi n'Ísàlẹ̀ Èkó, ní ọ̀kánkán ibi tí bàbá ọkọ mi máa ń tẹ́ ẹní sí. Tí wọ́n bá ti kírun alaásárì tán, Bàbá ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ títí di màgàríbì. Tí wọ́n bá ń ka ìròyìn, ẹ má wúkọ́. Tí wọ́n bá ń kọrin, ẹ má wúkọ́. Àwọn ará ilé kejì náà á wá bá wa jókòó, torí àwọn ò ní in, àwọn náà ò sì ní wúkọ́.

Ìyàwó tuntun ni mí nínú agboolé yẹn, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti fẹ́ mi wá. Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Bí wọ́n bá ti bí i kí n tó dé, àfi kí n wá nǹkan mìíràn pè é. Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ẹran ló ń tà. Mo pe àbúrò ọkọ mi obìnrin ní Eyínmẹ́nugún. Ọmọ kékeré kan wà tó máa ń tọ̀ sẹ́ni lára, Bàbá Olówó ni mo pe ìyẹn. Ti bàbá ọkọ mi ò le, torí wọ́n ti lọ Mẹ́kà, wọ́n ti dé, Alájì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n.

Aṣọ ni mo ń rán. Bàbá mi fi mí síléèwé àwọn Mùsùlùmí títí mo fi gba ìwé mẹ́fà, wọ́n wá fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí mo délé ọkọ, ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan ní Ìdúmàgbò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lórí ẹ̀rọ rẹ̀, lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà mú. Bí abẹ́rẹ́ bá kán, èmi ni. Bí òjò bá rọ̀ tí oníbàárà ò jáde, èmi náà ni. Ohun tí mo fẹ́ láyé kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi lọ, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá mi, kí n máa rán aṣọ mi jẹ́ẹ́jẹ́ láìsí ẹni tí yóò bú mi.

Ọkọ mi ò lágbára ẹ̀. Ìyá ọkọ mi sì ní ètò tiwọn. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni wọ́n ń tà ní Èbúté Èrò, ìsọ̀ wọn tóbi, orúnkún sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n fẹ́ kí n wá dúró síbẹ̀ kí n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ mi wá dá ẹjọ́ náà báyìí: tí ọdún Iléyá bá dé tí mi ò tíì ní ẹ̀rọ, kí n pa aṣọ rírán tì, kí n tẹ̀lé ìyá òun lọ s'Ébùúté Èrò. Mo ní ó dáa. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ gan-an ni. Èlùbọ́ máa ń mú mi sín, mo sì mọ̀ pé tí mo bá ti jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ ni màá darúgbó sí.

Nígbà tó yá ni asọ̀rọ̀mágbèsì kéde ìdíje kan fáwọn obìnrin. Àwọn òyìnbó kan tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé e kalẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n á fi ṣe é, ẹni tó bá borí máa gbé ẹ̀rọ lọ sílé. Mo lọ síbi ìdánwò àkọ́kọ́ láìsọ fún ẹnì kankan ju ọkọ mi lọ. Mo yege. Mo tún lọ, mo tún yege. Nígbà tó wá ku èmi àti obìnrin tíṣà kan ṣoṣo, wọ́n ní inú gbọ̀ngàn kan ní Oníkàn la ti máa ṣe àṣekágbá, níwájú èrò, gbogbo rẹ̀ á sì máa jáde nínú àpótí bó ṣe ń lọ.

Wọ́n ní kí kálukú mú obìnrin kan wá tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo lè fi ìbéèrè lé e lọ́wọ́. Tó o bá sì ti fi lé e lọ́wọ́, o ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, òun náà ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sí ẹ létí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìjà kan ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí sísọ̀rọ̀ sétí, ìyẹn ni wọ́n fi ṣe òfin náà.

Eyínmẹ́nugún, àbúrò ọkọ mi, ni mo fẹ́ mú. Iléèwé gíga lọmọ náà wà, ó mọ orúkọ àwọn òkè tí ẹnikẹ́ni ò gùn rí. A ti jọ sọ ọ́, a ti ń ka ìwé pọ̀. Ìyá ọkọ mi kàn gbé ìborùn tuntun wọn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sá a sóòrùn. Ọkọ mi ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó rí ìborùn lórí okùn, ó wọlé wá bá mi, ó ní, "Ìyá ń bá ẹ lọ nìyẹn."

Mo ní, "Lọ síbo?"

Ó ní, "Má ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

Mo ní ṣé wọ́n mọ olú ìlú Íjíbítì ni. Ó ní wọn ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ṣé èmi fẹ́ gbé ọmọ wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú gbogbo Èkó, kí ìyá ọkọ máa wò mí látẹ̀yìn? Ta ló ṣe irú ẹ̀ rí? Eyínmẹ́nugún sunkún díẹ̀, ó ní òun máa wà láàárín èrò. Mo ti mọ̀ pé mo máa dá ìdíje yẹn ṣe ni.

Ọjọ́ pé, a lọ sí Oníkàn lọ́sàn-án. Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà wà lórí tábìlì níwájú, dúdú, ó ń dán, wọ́n fi òdòdó yí i ká bí ẹni pé ó kú. Òyìnbó kan jókòó tì í. Ọkùnrin olùbéèrè wọ kóòtù, ọmọ Yorùbá ni, ohùn tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ nínú àpótí ni ohùn rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó kúrú. Obìnrin tíṣà mú ìyàwó pásítọ̀ wọn dání, ìyẹn wọ awò ojú. Èmi mú ìyá ọkọ mi. Wọ́n jókòó, wọ́n ká ọwọ́ sórí itan, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Wọ́n bi wá léèrè títí. Odò wo ló pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja? Mo gbà á. Kí ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì? Tíṣà gbà á. Wọ́n bi mí ní ti Íjíbítì náà, mo ní Káírò. Ìyàwó pásítọ̀ bá tíṣà dáhùn ọ̀kan, ó sì gbà á, wọ́n pàtẹ́wọ́. A jọ ń lọ ní ọgbọọgba títí ó fi ku ìbéèrè ìkẹyìn fún kálukú wa. Wọ́n bi tíṣà pé ìràwọ̀ wo ló sún mọ́ ayé jù. Ó ní òṣùpá. Wọ́n lu agogo. Oòrùn ni. Ó fẹ́ jà, ọkùnrin náà ní kó jókòó.

Bí mo bá gba èyí tó kù, ẹ̀rọ di tèmi. Bí mo bá kùnà, wọ́n á tún ìdíje ṣe lẹ́yìn ọdún Iléyá, èmi á sì ti wà l'Ébùúté Èrò.

Olùbéèrè ka tèmi. Ó ní, "Ànábì wo ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jù sínú kànga, tó fi di ẹrú ní ilẹ̀ Íjíbítì?"

Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Wọ́n ti bá mi gbà á. Ọmọ tó ń mu ọmú mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ tí tíṣà ní, "Háà, ẹ fi fún un ni!"

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Orúkọ bàbá ọkọ mi ni.

Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. Nílé wa, kò sí ìyàwó kankan tó ń pe ànábì yẹn lórúkọ. Tá a bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fáwọn ọmọ, Ànábì Arẹwà la máa ń wí, àwọn ọmọ wa sì gbà pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo lanu, ohun tó jáde náà nìyẹn.

"Ànábì Arẹwà," mo ní.

Olùbéèrè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Òótọ́ ni, ó rẹwà. Orúkọ rẹ̀ la ń bèèrè."

Mo ní, "Ẹni tó túmọ̀ àlá fún ọba."

"A mọ iṣẹ́ tó ṣe, ìyáàfin. Orúkọ rẹ̀."

"Ọmọ Ànábì Yàkúbù."

"Wọ́n bí méjìlá."

Àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó tó wà lẹ́yìn ti gbọ́ ọ yé. Ariwo bẹ̀rẹ̀. "Orúkọ ilé ni! Orúkọ ilé ni!" Ẹnì kan ń ké pé, "Ẹ fún un jàre, ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n!" Òyìnbó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùbéèrè fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un, ó pẹ́. Òyìnbó ronú, ó sọ̀rọ̀. Olùbéèrè yíjú sí wa, ó ní, "Ọ̀gá ní, ṣé bàbá ọkọ yín wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni?"

Mo ní wọn ò sí níbí.

"Ọ̀gá ní kí wá ni wàhálà ibẹ̀?"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iwájú àpótí ni bàbá ọkọ mi jókòó sí lórí ẹní, pẹ̀lú gbogbo agboolé, pẹ̀lú àwọn ará ilé kejì, wọn ò sì wúkọ́. Bí mo bá la ẹnu mi pè é báyìí, ojú wọn ni màá ti pè é, orí wọn ni ohùn mi máa bọ́ sí. Wọ́n á ní ilé wo ni wọ́n ti kọ́ mi wá. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ìyá mi n'Íjẹ̀bú. Mo sì gbìyànjú, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo wo ẹ̀rọ yẹn, mo ní kí n fi agídí pè é kó tán síbẹ̀. Ahọ́n mi ò gbé e. Ó dà bí ìgbà téèyàn fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ara rẹ̀ lójú, ọwọ́ á dé ibì kan, á dúró.

Mo rí Eyínmẹ́nugún láàárín èrò. Ó ti dìde, ó ń fi ètè pe orúkọ bàbá rẹ̀ sí mi kedere. Òun lè pè é. Ọmọ ilé ni. Ká ní òun ló jókòó tì mí ni, à bá ti máa palẹ̀mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló jókòó tì mí, èèwọ̀ tiwọn sì burú ju tèmi lọ, torí ọmọ Alájì ni mo fẹ́, àwọn fẹ́ Alájì fúnra wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wọlé, mi ò gbọ́ ọ rí pé orúkọ yẹn jáde lẹ́nu wọn. Ọkùnrin kan wà ní ìsọ̀ tó kángun sí tiwọn l'Ébùúté Èrò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. "Ẹ ń lẹ́ níbẹ̀ yẹn" ni wọ́n máa ń pè é.

Olùbéèrè gbé ọwọ́ lé agogo. Ó ní, "Ìyáàfin, àsìkò ń lọ. Ẹ ò tíì lo olùrànlọ́wọ́ yín."

Mo ní, "Mo fi lé Màámi lọ́wọ́." Ohun tó kù tí mo lè sọ nìyẹn. Omi ti ń bọ́ lójú mi.

Ìyá ọkọ mi ò kánjú. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. Wọ́n wo ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé síwájú wọn, wọ́n ní, "Ṣé ohun tí mo bá sọ síbí ló máa dénú àpótí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Títí kan ti Ìsàlẹ̀ Èkó?"

"Gbogbo Èkó, Ìyá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wo ẹ̀rọ ìránṣọ lórí tábìlì, wọ́n wò ó dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń wo àpò ẹ̀wà kí wọ́n tó tú u. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ṣé bó ṣe wù ẹ́ tó nìyí?"

Mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Mo kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mọ ohun tí mo ń mi orí sí. Ìsọ̀ wọn ni mo ń kọ̀ níwájú èrò yẹn, orúnkún wọn ni mo ń kọ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò lè mi orí sí òdìkejì.

Ni ìyá ọkọ mi bá tẹ̀ síwájú, wọ́n pè é. Gbangba báyìí, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta pé kó wá jẹun.

Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Òyìnbó ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, torí òun ò mọ ohun tó gbọ́. Ariwo tó wá sọ lẹ́yìn ẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa ròyìn ẹ̀. Àwọn kan ń ké "Ó pè é!" àwọn kan káwọ́ lérí. Tíṣà dìde, ó wá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, ó ní kí wọ́n má bínú. Mi ò mọ ohun tó tìtorí ẹ̀ tọrọ àforíjì. Bóyá òun náà ò mọ̀.

Alábàárù kan ru ẹ̀rọ náà, a tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó yẹ kí n máa jó. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyá ọkọ mi ń lọ níwájú. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣeun o. Mi ò lè dúpẹ́ tán." Wọ́n ní kí n wo ẹsẹ̀ mi, pé gọ́tà wà níwájú. Nígbà tá a sún mọ́lé, wọ́n dúró mí díẹ̀, wọ́n ní kí n wá ibi tó mọ́lẹ̀ dáadáa gbé ẹ̀rọ náà sí, kí ojú mi má baà tètè bàjẹ́. Ohun tí wọ́n bá mi sọ lójú ọ̀nà kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fọ́fọ́. Ẹnikẹ́ni ò kí wa. Àpótí ń kọrin, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Alábàárù sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, gbogbo ojú lọ sára ẹ̀rọ, àyàfi ti Bàbá. Ìyá ọkọ mi lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹní wọn. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn.

Bàbá ní, "Ohùn ta ni mo gbọ́ nínú àpótí?"

"Èmi ni, Alájì."

"Ìwọ lo pè mí?"

"Ànábì ni mo pè, Alájì. Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀ pé ànábì lo pè." Bàbá ń fọwọ́ ra tẹ̀sùbáà wọn. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo dáhùn."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló ṣàlàyé, ó rọra sọ ọ́ ni. Ó ní bí ohùn yẹn ṣe jáde, Bàbá gbé orí sókè lórí ẹní, wọ́n sì jẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Mà!" Àwọn ará ilé kejì gbọ́. Gbogbo ilé gbọ́.

Bàbá ní, "Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sóbìnrin tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ń pè mí ní Alájì, ẹ ń pè mí ní Bàbá. Mo ti gbàgbé pé mo ń jẹ́ ẹ." Ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n wo ìyàwó wọn lórí ìkúnlẹ̀. "Tún un pè."

Ìyá ọkọ mi bojú wo èrò tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí lọ ná," ni wọ́n wí.

Bàbá yíjú sí gbogbo wa. Wọ́n ní, "Kí lẹ ń dúró ṣe? Ẹ ò nílé ni?"